Kì í Ṣe Ẹ̀sà Egúngún Ni Wọ́n Kọ̀: Ìdáhùn sí Olùkọ́ Kan ní Ọ̀yọ́ Tí Ó Fẹ́ Gba Oyè Ọ̀mọ̀wé

Olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́ ni ó kọ̀wé sí mi. Ó ní èdè Yorùbá ni òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àti pé òun ti gba oyè Másítà nínú lítíréṣọ̀ láti ọdún 2019. Lọ́dún tó kọjá, ó kọ̀wé sí yunifásítì mẹ́fà ní Amẹ́ríkà pé òun fẹ́ ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹ̀sà egúngún, ìyẹn ewì oríkì tí àwọn ọ̀jẹ̀, àwọn eléégún, máa ń pè lójú agbo, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó sì dá a lóhùn pé àwọn kò lè gbà á. Bí ó ṣe béèrè nìyí: “Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa Yorùbá tì, kí n wá ìwé ìtàn-àròsọ Gẹ̀ẹ́sì kan mú, nítorí pé Yorùbá kò lọ́jà lókè òkun. Mo ti pé ọmọ ọdún 36. Ṣé kí n tún gbìyànjú ni, àbí kí n gba yunifásítì tó wà nítòsí lọ?” Ó fi lẹ́tà èròńgbà tí ó fi ránṣẹ́ sí wọn mọ́ ìbéèrè náà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn.

Olùkọ́ wa, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ibi tí mo dúró sí: ẹ tún gbìyànjú, ẹ má sì pa ẹ̀sà tì. Lẹ́tà yín ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn rí ẹrù tí ẹ gbé wá.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà náà sọ pé láti kékeré ni ẹ ti fẹ́ràn àṣà ilẹ̀ wa, pé bàbá bàbá yín a máa mú yín lọ wo egúngún, pé àṣà wa ti ń parun lọ, àti pé ẹ fẹ́ gbé e lárugẹ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò àwọn olùkọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká, tí òkìtì fọ́ọ̀mù wà níwájú wọn, tí àyè tí wọ́n ní kò sì ju iye ìka ọwọ́ méjèèjì lọ. Ìfẹ́ àti ìgbà èwe ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí wọ́n ń kà fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbé ìfẹ́ ẹnì kan lé orí ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlòmíràn, nítorí náà wọn a ṣí ojú ìwé náà kọjá, wọn a máa wá ìbéèrè.

Ìbéèrè yín wà níbẹ̀ o, ojú ìwé kejì ni ẹ sin ín sí. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni ju ẹ̀pà sẹ́nu, pé ọ̀jẹ̀ kan tí ẹ bá pàdé nítòsí ọjà Akẹ̀sán sọ fún yín pé bí òun bá ti rí i tí wọ́n gbé fóònù sókè, òun a gé oríkì orílẹ̀ kúrú, òun a sì ki nọ́ńbà fóònù tòun bọ inú ẹ̀sà, nítorí pé ẹni tí yóò wo fídíò náà ní Èkó tàbí ní Dubai kò lè náwó fún òun lójú agbo. Ẹ sọ ọ́ tán, ẹ kọjá lọ sí ọ̀rọ̀ bí àṣà ṣe ń kú. Èmi ní tèmi, orí àga ni mo ti dìde.

Ẹ wo ohun tó wà nínú gbólóhùn yẹn. Lójú agbo, ojú ẹni tó dúró níwájú ọ̀jẹ̀ ni ó fi ń mọ orílẹ̀ tí yóò kì. Bí ó bá rí ọmọ Oníkòyí, yóò kì í ní Ìkòyí, orí ẹni náà yóò wú, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì lọ sí àpò. Ẹni tí à ń kì, ẹni tí ń gbọ́ àti ẹni tí ń sanwó, ẹnì kan ṣoṣo ni. Fóònù ti yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ta wá ni ọ̀jẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí kò mọ ẹni tí yóò gbọ́ ọ? Kí ni ó ń gé kúrò, kí ni ó ń fi dípò rẹ̀, ṣé ìjúbà ń gùn sí i ni àbí ó ń kúrú? Nọ́ńbà tí à ń fi ohùn ẹ̀sà pè, ṣé ẹ̀sà ni àbí ìpolówó? Ẹni tí ń ṣe ìwádìí lórí rédíò ní Gánà yóò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn, ẹni tí ń ṣe ti àwọn akéwì Lárúbáwá yóò fẹ́ gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tí ń ṣe ti orin ìgboro ní Brazil. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹnì kan lára àwọn tó yí tábìlì náà ká tó gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọn yóò mọ̀ pé ẹni yìí mú ohun tí àwọn kò ní wá.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, báyìí ni ǹ bá ṣe bẹ̀rẹ̀: “Ọ̀jẹ̀ kan wà ní Ọ̀yọ́ tó ti ń ki nọ́ńbà fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀sà. Mo fẹ́ mọ ohun tí oríkì ń dà nígbà tí ẹni tí à ń kì kò sí lójú agbo.” Lẹ́yìn gbólóhùn méjì yìí ni ẹ óò wá sọ ohun tí ẹ ti kà, ibi tí iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú yín dé, bí ẹ óò ṣe ṣe tiyín, àti ìdí tí ó fi jẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni ẹ fẹ́ lọ. Ojú ìwé méjì ti tó. Bàbá bàbá yín lè yọjú nínú gbólóhùn kan bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó mú yín mọ ọ̀jẹ̀ náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ kí àgbà sinmi.

Mo sọ̀rọ̀ àwọn tó ṣáájú, nítorí pé lẹ́tà yín kò dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn, àfi bí ẹni pé ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ la igbó náà. Adébóyè Babalọlá ti ṣe ti ìjálá ọdẹ, iṣẹ́ tí ó fi gba oyè ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì di ìwé ní 1966. Joel Adédèjì kọ àpilẹ̀kọ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí eré alárìnjò ní Ìbàdàn ní 1969, ó sì tọpa eré náà dé inú egúngún àti ààfin Ọ̀yọ́. Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́ tiyín níbẹ̀, gba tirẹ̀ lórí Ifá ní Yunifásítì Èkó ní 1970, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ náà fún ní oyè ọ̀mọ̀wé. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ gbé Òkukù, ó kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ibẹ̀, ìwé tó jáde nínú iṣẹ́ náà ní 1991 sì ni ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àjọṣe ẹni tí ń kì àti ẹni tí à ń kì kò lè fò dá. Ẹ kò ní láti gbà pẹ̀lú gbogbo wọn. Ọ̀jẹ̀ tiyín gan-an lè jẹ́ ẹ̀rí pé ohun tí Barber rí ní Òkukù ti yí padà. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ìgbìmọ̀ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ sì kíyè sí i pé mẹ́ta nínú mẹ́rin tí mo dárúkọ yìí, ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti gba oyè, àti Gẹ̀ẹ́sì tó wà láàrin wọn, nítorí pé Ifẹ̀ ni Barber ti gba tirẹ̀. Èyí ni mo fi ń dá apá kejì ìbéèrè yín lóhùn. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé yunifásítì tó wà nítòsí ni ibi tí ènìyàn ń lọ nígbà tí kò rí ibòmíràn lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà sí yín lọ. Ifẹ̀ àti Ìlọrin kò jìnnà. Ẹ lè kọ àpilẹ̀kọ yín ní Yorùbá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, ẹ lè máa bá iṣẹ́ yín lọ, bí ẹ bá sì gbàgbé bi ọ̀jẹ̀ ní ìbéèrè kan, ọ̀kadà ni ẹ óò gùn lọ bá a. Ohun tí ẹ óò fi san án kò kéré náà: kò sí owó oṣooṣù tí ilé ẹ̀kọ́ yóò máa fún yín, ìyanṣẹ́lódì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín bí ó ti rí láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́rùn alábòójútó kan sì lè pọ̀ débi pé orí kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ yín yóò lo oṣù mẹ́fà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ tún wo máàkì Másítà yín dáadáa, nítorí òun ni wọ́n máa ń fi pinnu bóyá PhD tààrà ni wọn yóò gbà yín sí tàbí kí ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀nà MPhil, oyè tó wà láàrin Másítà àti PhD. Bí ẹ bá ti rí alábòójútó tó ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kíákíá, tí àwọn tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i, ẹ má fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ orúkọ ńlá kankan lókè òkun. Kò sì sí òfin tó ní kí ẹ má kọ̀wé sí ilé àti sí òkèèrè lọ́dún kan náà.

Ní ti òkèèrè, ẹ ní inú àkójọ tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń to yunifásítì láti orí dé ìdí ni ẹ ti mú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe kejì wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti lẹ́tà. Ẹ̀kọ́ nípa àṣà (cultural studies) tí ẹ ń wá kì í sábà jẹ́ orúkọ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ẹ̀ka. Birmingham ni wọ́n ti dá ilé ìwádìí rẹ̀ tó lókìkí jù sílẹ̀ ní 1964, Richard Hoggart ni ó dá a sílẹ̀, Stuart Hall tó wá láti Jàmáíkà sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sọ pé ohun tí ará ìgboro ń wò, tí ó ń wọ̀, tí ó sì ń kọ lórin yẹ fún kíkà gẹ́gẹ́ bí ìwé ewì. Wọ́n ti ti ibẹ̀ pa ní 2002, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ ti fọ́n ká sí abẹ́ orúkọ oríṣiríṣi: lítíréṣọ̀ ìfiwéra, ìmọ̀ eré àti ìṣeré, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà, ìmọ̀ ìròyìn, ìmọ̀ ẹ̀dá ènìyàn. Nítorí náà, olùkọ́ ni kí ẹ máa wá, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ka. Ní Wisconsin, ní ìlú Madison, ẹ̀ka kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 fún èdè àti lítíréṣọ̀ Áfíríkà, tí wọ́n ti sọ di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà báyìí, wọ́n sì ń kọ́ Yorùbá níbẹ̀. SOAS, ilé ẹ̀kọ́ fún ìmọ̀ Éṣíà àti Áfíríkà, wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Bayreuth ní Jámánì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé fún ìmọ̀ Áfíríkà ti wà láti 2007. Ìlú kan náà ni Ulli Beier, ẹni tó ti gbé Ẹdẹ àti Òṣogbo pẹ́, dá ilé àṣà kan sílẹ̀ sí ní 1981, tí ó sì sọ ọ́ ní Iwalewahaus. Ìwàlẹwà tiwa gan-an ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Jámánì fún ilé tí wọ́n so mọ́ ọn nídìí. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé Yorùbá kò lọ́jà.

Bí ẹ bá ti rí olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ṣeé ṣe, ẹ ka ohun kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ kí ẹ tó fi í-meèlì ránṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ni ó ń gbani wọlé, nítorí náà lẹ́tà sí olùkọ́ kan kàn ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún náà ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì, ẹni tí yóò bójú tó iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà láti mú yín ní akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ìwé àbá ìwádìí yín ni wọn yóò fi mọ̀ yín. Kí í-meèlì náà má gùn. Nílẹ̀ yìí, a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkí i, kí a béèrè ilé, kí a béèrè ọ̀nà; ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ̀ yín rí yóò ti pa í-meèlì dé kí ẹ tó kí i tán. Ẹ kí i ní ìlà kan, kí ọ̀jẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ sì ti wà ní ìlà kẹta.

Lórí owó, òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí wọ́n bá gbà yín láìfún yín lówó, wọn kò tíì gbà yín. Ẹ̀ka tó dára ní Amẹ́ríkà kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀, wọ́n a sì máa san owó oúnjẹ fún un fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, láti bíi 20,000 dọ́là lọ́dún dé 40,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀, bí ìlú àti ilé ẹ̀kọ́ bá ṣe rí, kí ó lè máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kéékèèké ní kíláàsì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò sì wúwo, nítorí náà ẹ má lọ láìsí sikọ́láṣíìpù. Jámánì kì í sábà gba owó ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ óò jẹun, ẹ óò sì san owó ilé. DAAD, àjọ ilẹ̀ Jámánì tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù, jẹ́ ọ̀kan lára àjọ tí ẹ lè kọ̀wé sí. Owó fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà sábà máa ń wà láàrin 50 sí 125 dọ́là fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹ ní inú owó alájẹṣẹ́kù ni ẹ ti yá ti ọdún tó kọjá. Ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé ẹ̀ka náà ní oṣù Kẹsàn-án pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda owó fọ́ọ̀mù fún yín. Ọ̀pọ̀ ni ó ní ètò bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í pariwo rẹ̀. GRE, ìdánwò ìgbaniwọlé Amẹ́ríkà tí ẹ tún ń múra fún, ẹ wò ó bóyá wọ́n béèrè fún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ka lítíréṣọ̀ ti pa á tì, ti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ sì ti parẹ́ pátápátá láti 2021. Ọ̀rọ̀ físà Amẹ́ríkà fún ọmọ Nàìjíríà sì ti le gan-an láti 2025. Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé sí ibi mẹ́fà, kí Amẹ́ríkà má ju méjì lọ nínú wọn.

Àpẹẹrẹ iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ pààrọ̀ pátápátá. Orí kejì nínú iṣẹ́ Másítà yín, tó jẹ́ àtúnsọ tíọ́rì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi hàn pé ẹ létí. Ẹ lọ gba ẹ̀sà ọ̀jẹ̀ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀: lẹ́ẹ̀kan níbi tí kò ti sí fóònù mìíràn lójú agbo ju ti yín tí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́ẹ̀kan níbi tí wọ́n ti gbé ogún fóònù sókè. Ẹ mú ìṣẹ́jú méjì péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tàmì tàmì, ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tẹ́ wọn síwájú ara wọn, kí ẹ sì fi ogún ojú ìwé sọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ má ṣe sáré túmọ̀. Bí ó bá sọ pé “ọmọ ẹní rógun yọ̀,” tí ẹ kọ “yọ̀” yẹn sílẹ̀ láìfi àmì sí i, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn di tirẹ̀, àwọn tó gbọ́ Yorùbá yóò sì rí i. Ohun tó jẹ́ awo, ẹ fi í sílẹ̀ fún awo; ohun tó ti ẹnu ọ̀jẹ̀ jáde lójú gbogbo ayé ti tó ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ẹni mẹ́ta ni yóò kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún yín. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín jẹ́ ènìyàn dáadáa, mo gbà, ṣùgbọ́n pé ẹ kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ kò kan ìgbìmọ̀. Ẹni tó ka iṣẹ́ yín tó sì bá yín jà lórí rẹ̀ ni kí ẹ wá, ìbáà má ní oyè ńlá, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Transcript, ìwé èsì ẹ̀kọ́ yín láti yunifásítì, ní tirẹ̀, òní ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà tèmi, oṣù márùn-ún ni tèmi fi wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọkọ̀ lọ, ní ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n ní fáìlì mi wà nínú yàrá kan tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti gba ìsinmi lọ. Nígbà tí ìwé náà dé ibi tó ń lọ, gbèdéke ti kọjá ní ọjọ́ mọ́kànlá, ọdún kan sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ orí yín kò tó ohun tí à ń jókòó sọ. Wọn kì í ka ọdún lára ènìyàn níbẹ̀, ọdún tí ẹ fi kọ́ni sì jẹ́ ẹrù iyì. Bí ẹ bá ní ọmọ, ẹ kàn ṣírò bóyá owó tí wọ́n fẹ́ máa fún yín yóò bọ́ gbogbo yín.

Láti oṣù Kejìlá sí àárín oṣù Kìn-ín-ní ni ọ̀pọ̀ gbèdéke Amẹ́ríkà máa ń bọ́ sí. Ìdáhùn a máa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù Kejì, ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ sì fẹnu kò pé ẹni tí àwọn bá fún lówó ní àyè dé ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin kí ó tó dá àwọn lóhùn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú mú yín. Aago 11:59 alẹ́ ní Madison jẹ́ aago 6:59 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ní Ọ̀yọ́ lásìkò náà. Ẹ má fọkàn tán àfikún wákàtí yẹn. Ní oṣù Kejìlá kan, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò Under-G níbí tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ há abíyá, tó ń sáré láti ṣọ́ọ̀bù kan sí òmíràn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tó ń wá ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tún ìlà kan kọ nínú lẹ́tà yẹn, ẹ padà lọ bá ọ̀jẹ̀ náà ní Akẹ̀sán. Ẹ bi í bóyá nọ́ńbà tó ń kì mọ́ ẹ̀sà ṣì ni ó ń lò, àti irú ènìyàn tó ti pè é lórí rẹ̀.